Ìdí Ọtí àti Òṣùwọ̀n Rẹ̀: Láti Ìgbìmọ̀ Ọdún 1909 Títí Dé Ìsọlọ̀

Ní ọdún 1909, ìjọba àmúnisìn Gúúsù Nàìjíríà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí òwò ọtí. Jíìnì tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti Yúróòpù ti kún ọjà nígbà náà, owó bodè orí rẹ̀ sì wà lára ohun tí ìjọba fi ń gbọ́ bùkátà jù lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo pé ọtí náà ń ba àwọn ènìyàn jẹ́. Ìgbìmọ̀ pe ẹlẹ́rìí, wọ́n gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n sì jábọ̀ pé àwọn kò rí ẹ̀rí kankan pé ọtí ń mú ìran àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí jó rẹ̀yìn. Iye ọtí, ìpalára ọtí, owó orí ọtí: ohun tó jẹ ìjọba lógún nìyẹn. Ohun tó mú ẹni tó di ife mú gbé e sẹ́nu kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ dìde. Títí di òní olónìí, ó yá wa lára nílẹ̀ yìí láti wọn ohun tí a mu ju kí a wọn ìdí tí a fi mu ún lọ.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ìdáhùn tirẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pa ìtàn bí ayé ṣe dáyé, òùngbẹ ló gbé Ọbàtálá dé ìdí ẹmu. Oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ dídá ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá. Nínú ìwé Amos Tutuola tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ìfẹ́ ẹmu ló ti ọ̀mu kan wọ ìrìn àjò lọ sí ìlú àwọn òkú, kó lè rí adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú mú bọ̀. Ìdí wà nínú ìtàn lóríṣiríṣi. Òṣùwọ̀n ni kò sí.

Amẹ́ríkà ni òṣùwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, inú ìwé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ wá a, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀mùtí. Ní 1943, Donald Horton ti Yunifásítì Yale kó ohun tí àwọn onímọ̀ àṣà àti arìnrìn-àjò ti kọ sílẹ̀ nípa àwùjọ 56 káàkiri àgbáyé jọ, ó ń wo ibi tí ìmutípara ti pọ̀ àti ibi tí kò ti pọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọtí ń rọ àníyàn lójú: níbi tí oúnjẹ kò ti dájú, tí ewu sì pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ún yó jù. Peter Field tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò ní 1962, ó ní kì í ṣe àníyàn, bí ẹbí àti àwùjọ ṣe so pọ̀ sí ni. Níbi tí ìdè ẹbí bá ti yi, ọ̀mùtípara kì í pọ̀. Nígbà tó di 1972, David McClelland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbára ni ọkùnrin ń wá nínú ife. Ìdáhùn mẹ́ta nìyẹn láàárín ọgbọ̀n ọdún.

Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ àtijọ́ ni ti Robert Bales. Ní 1946, ó pín ojú tí àwùjọ fi ń wo ọtí sí mẹ́rin: àwọn tí kì í fẹnu kàn án rárá, àwọn tí ń lò ó fún ẹ̀sìn àti ètùtù, àwọn tí ń mu ún nítorí ìbáṣepọ̀ àti àríyá, àti àwọn tó sọ ọ́ di irinṣẹ́, yálà fún ìwòsàn, fún okun, tàbí láti pa ìrora. Ẹni tó bá mọ Ìsọlọ̀ ní Èkó kò ní rìn jìnnà kó tó rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alájì tí kì í mu àti Kristẹni tí ìjọ rẹ̀ fòfin de ọtí lè máa gbé ojúlé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fi ọtí ta ilẹ̀ fún àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọtí wà lára ẹrù ìdána, bí ìyàwó bá sì jẹ́ ọmọ ẹni tí kì í mu, wọ́n á fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò dípò rẹ̀. Bíà ní í mú òde àríyá gbóná. Irinṣẹ́ ńkọ́? A ó padà dé orí ìyẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn òṣùwọ̀n tó tẹ̀lé Bales ti já ohun kan sílẹ̀.

Lẹ́yìn Bales ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ní 1948, John Riley, Charles Marden àti Marcia Lifshitz tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ti bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè tààrà nípa ìdí tí wọ́n fi ń mu, èsì tó sì pọ̀ jù ni ti ìbáṣepọ̀. Don Cahalan, Ira Cisin àti Helen Crossley fẹ iṣẹ́ yìí lójú nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1969, wọ́n ya àwọn tó ń fi ọtí sá fún ìṣòro sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Ọdún yẹn kan náà ni Craig MacAndrew àti Robert Edgerton gbé ìwé mìíràn jáde, tó fi hàn pé ìwà tí ènìyàn ń hù tó bá yó, ohun tó kọ́ láwùjọ rẹ̀ ni. Ọtí kan náà ń sọ ará ibì kan di oníjà, ó ń sọ ará ibòmíràn di olórin. Bí ìwà ìmutí bá jẹ́ ohun tí a ń kọ́, ṣé ìdí rẹ̀ kò ní jẹ́ ohun tí a ń kọ́ bí?

Ìwé ìbéèrè tí gbogbo àgbáyé wá gbà mú ti orí ilà méjì jáde. Ní 1988, Miles Cox àti Eric Klinger fa ilà kan láti ya ẹni tó ń mu kí ohun rere lè dé bá a kúrò lára ẹni tó ń mu kí ohun búburú lè fi í sílẹ̀. Wọ́n fa èkejì dábùú rẹ̀, láti mọ̀ bóyá inú ara ẹni ni ohun náà wà tàbí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ti ń wá. Yàrá mẹ́rin jáde. Lynne Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbéèrè kún mẹ́ta nínú wọn ní 1992. Ní 1994 Cooper nìkan fi ẹ̀kẹrin kún un, ó sì dán gbogbo rẹ̀ wò lára àwọn ọ̀dọ́ 1,243, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, ní agbègbè Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York. Ìbéèrè 20 ni.

Kí á gbé e wá sí Ìsọlọ̀ kó lè yé wa. Yàrá kìn-ín-ní ni ti ìgbádùn: ẹni tí bí ọtí ṣe ń rí lára rẹ̀ wù ú, kò fi ti ẹnikẹ́ni ṣe. Èkejì ni ti ẹgbẹ́: òde àríyá tí wọ́n ta ìbòòrùn sí ojú pópó ní Ìrè-Àkàrí, tí òde kò ní dùn tó lójú àwọn kan bí ìgò kò bá sí lórí tábìlì. Ẹ̀kẹta ni ti ìgbàgbé: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ kógbá sílé, tó ń mu kó lè rí oorun sùn. Ẹ̀kẹrin ni ti ìbẹ̀rù ojú ẹgbẹ́: ọmọkùnrin tó gba ife kí wọ́n má baà pè é ní ojo. Ìbéèrè márùn-ún ló wà fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ní kí o wá ìdí lọ fúnra rẹ. Wọ́n á ka ìdí sí ọ létí, ìwọ á sọ bó ṣe máa ń rí bẹ́ẹ̀ tó nínú gbogbo ìgbà tí o ń mu, láti orí 1, tó jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rí tàbí ó ṣọ̀wọ́n gan-an, dé orí 5, tó jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni. Wọ́n á ro márùn-ún yàrá kan pọ̀, wọ́n á pín in, iye tó jáde ni agbára ìdí yẹn lára rẹ.

Ohun tó jẹ́ kí òṣùwọ̀n yìí tàn kálẹ̀ ni pé ó ń sọ ohun tí iye ìgò kò lè sọ. Ẹni méjì lè mu ìgò mẹ́ta mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ìdí tirẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ kì í sábà bọ́ sínú wàhálà. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ti ìgbádùn máa ń mu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń mu láti gbàgbé ni ìṣòro máa ń bá jù, kódà bí iye tó ń mu kò bá ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tó gbé e dé ìdí ọtí ṣì ń dúró dè é nílé.

Àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ní Kánádà, Valerie Grant, Sherry Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pín yàrá ìgbàgbé sí méjì ní 2007: ti àníyàn lọ́tọ̀, ti ìbànújẹ́ lọ́tọ̀. Ní Switzerland, Emmanuel Kuntsche àti Sandra Kuntsche gé ìbéèrè 20 kù sí 12 ní 2009, kó lè rọ àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́rùn. Ìwádìí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè 13 ní Yúróòpù tẹ̀lé e ní 2014. Ní 2017 ni Sean Mackinnon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èyí tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó lé ní 8,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá jáde. Ti ẹgbẹ́ ló ṣíwájú, ti ìgbádùn tẹ̀lé e, ti ìgbàgbé di ẹ̀kẹta, ti ìbẹ̀rù ojú ẹgbẹ́ gbẹ́yìn. Níbi tí oníkálukú ti ń dá tirẹ̀ ṣe, ìdí ìgbádùn ga ju ibi tí àwùjọ ti ń ṣe nǹkan pọ̀ lọ. Nínú mẹ́ta yòókù, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú mẹ́wàá náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè fi èsì ìlú kan wé ti òmíràn, ó ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ìbéèrè náà ń wọn ohun kan náà níbi méjèèjì. Ẹni tó bá ti ra gààrì ní Ìbàdàn tó tún rà á ní Èkó mọ̀ pé kọ́ńgò ibi méjèèjì kì í sábà dọ́gba, tí ìsàlẹ̀ òmíràn sì ti wọnú. Kí a tó ní gààrì kan wọ́n ju èkejì lọ, ká kọ́kọ́ wo kọ́ńgò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á túmọ̀ ìbéèrè sí èdè ìlú, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì wá fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn ìbéèrè márùn-ún yàrá kan ṣì ń rìn pọ̀. Èyí tó ṣòro jù kì í hàn nínú ìṣirò: ìdí tó wà ní ìlú kan tí kò sí lórí ìwé rárá. Ohun tí a kò béèrè, ìṣirò kò lè rí i.

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Láti 1954 ni dókítà ọpọlọ Adeoye Lambo ti ń fi ètò ìtọ́jú abúlé ní Àrò, Abẹ́òkúta, ṣe ohun tí ayé ń wá wò. Òun àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wádìí àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n mú bọ̀ láti òkè òkun ní láti di Yorùbá kí àgbẹ̀ tó lè dáhùn wọn. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ mọ̀ bóyá àmì tí wọ́n fi ń dá ẹni tí ọtí ti di bárakú fún mọ̀ bá gbogbo àṣà mu, Ìbàdàn wà nínú ibi mẹ́sàn-án tí wọ́n yàn, pẹ̀lú Seoul, Bangalore, Ankara, Athens àti àwọn mìíràn. Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe é. Èsì tí Robin Room àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ní 1996 fi hàn pé àwọn àmì kan kò rọrùn láti lò níbi gbogbo, àti pé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé 'èyí ti pọ̀ jù' yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Ṣùgbọ́n bárakú ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìbéèrè mẹ́wàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí wọ́n ń pè ní AUDIT. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti dán an wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1993, Kẹ́ńyà nìkan ló sì ti Áfíríkà wá. Abiodun Adewuya wádìí bó ṣe ṣiṣẹ́ sí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, ó tẹ èsì rẹ̀ ní 2005. Ó wúlò fún dókítà, ṣùgbọ́n ó ń béèrè iye ìgbà, iye ife, àti ohun tó bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí ńlá tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí àti àjọ UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí oògùn olóró, tó jáde ní 2019, kò ka ọtí mọ́ iye tó kéde. A mọ iye àwọn tó ń lo oògùn olóró ní Èkó ju bí a ṣe mọ ìdí tí awakọ̀ danfo fi ń mu ògógóró lọ.

Àwọn tó lọ fetí sí ọ̀mu fúnra rẹ̀ rí ohun tí yàrá mẹ́rin kò gbà. Emeka Dumbili jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Anambra, ó bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀, ó sì tẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jáde láti 2015. Ọkùnrin ń mu láti fi hàn pé òun jẹ́ ọkùnrin. Àwọn obìnrin kan ń mu láti fi hàn pé ohun tí ọkùnrin lè ṣe, àwọn náà lè ṣe é. Èyí kì í ṣe ìbẹ̀rù ojú ẹgbẹ́ gan-an, kì í sì í ṣe ìgbádùn. Ipò ni wọ́n ń wá. McClelland ì bá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, ìdí tí mo rò pé ó tóbi jù nínú èyí tó sọnù ni ti iṣẹ́ àti ìwòsàn, ìpín kẹrin Bales. Àdúgbò ilé iṣẹ́ ńláńlá ni Ìsọlọ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀. Òṣòdì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Èkó ti ń pàdé. Alábàárù tó gbé ẹrù ní ọjà Aswani ní ọjọ́ Túsìdé, kọ̀ndọ́ tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti agogo mẹ́rin ìdájí, agbèrò: àwọn wọ̀nyí ni alágbo tó gbé páráágà kalẹ̀ létí ibùdókọ̀ ń retí. Egbò àti èèpo igi ni wọ́n rẹ sínú ògógóró. Eléyìí wà fún jẹ̀díjẹ̀dí, ìyẹn wà fún ẹ̀yìn dídùn, òmíràn fún ibà, òmíràn sì wà fún iṣẹ́ alẹ́ tí àgbà ń fi ẹ̀rín sọ. Níbo ni Cooper fẹ́ kọ kọ̀ndọ́ yìí sí? Kò mu ún kó lè gbàgbé ìṣòro, ó mu ún kó lè dojú kọ ọ́. Kì í ṣe àríyá ló ń ṣe. Kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ́ Buffalo kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àìmọ̀ yìí ní owó tó ń ná wa. Ọ́fíìsì NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn, ní Èkó wà ní àdúgbò ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀, lẹ́bàá títì Òṣòdì sí Àpápá. Ní Oṣù Kejìlá 2018, àjọ náà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti àwọn tó ń ṣe ọtí fọwọ́ sí àdéhùn láti mú ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò tí kò tó mílílítà 200 kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀. Láti Oṣù Kìn-ín-ní 2022 wọn ò forúkọ tuntun sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin náà ṣẹ ní Oṣù Kejì 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí àti ẹgbẹ́ wọn gbé pátákó lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, torí iṣẹ́ wọn fẹ́ lọ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú dá sí i, wọ́n sì sún ọjọ́ síwájú títí di òpin 2025.

Mojisola Adeyeye, olùdarí àgbà NAFDAC, tẹnu mọ́ ọn pé àwọn ọmọdé ni òun ń dáàbò bò: ọtí tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, rọrùn fún ọmọ láti fi sápò. Ìwádìí tí àjọ náà ṣe ní 2021 sọ pé 54.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí tó ń mu ló ń fọwọ́ ara wọn ra ọtí. Àwọn ilé iṣẹ́ dáhùn pé àgbàlagbà tálákà tí kò lè ra odidi ìgò ló ń ra ọ̀rá. Ẹni tó ń rà á àti iye tó ń rà á ni ìjà dá lé, kì í ṣe ìdí tó fi ń mu ún. Bí ó bá jẹ́ owó ló gbé ọ̀pọ̀ dé ìdí ọ̀rá, gbígbé e kúrò lè dín ìmutí kù. Bí ó bá jẹ́ okun iṣẹ́ òru ni, ṣé alágbo kò ní gbà wọ́n lálejò? Ẹni tó bá rántí Oṣù Kẹrin 2015, nígbà tí ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ̀ pé ibi tí ọ̀mùtí bá yà sí kì í fìgbà gbogbo sàn ju ibi tó ti kúrò lọ.

Ọ̀nà láti wọn irú ìdí bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní Switzerland, Kuntsche àti Florian Labhart fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ọ̀dọ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ dé Sátidé, lẹ́ẹ̀mélòó kan lálẹ́ kan, kí wọ́n lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ dípò kí wọ́n máa rántí ọdún tó kọjá. Fóònù wà lọ́wọ́ kọ̀ndọ́ Ìsọlọ̀ náà, àfi kí wọ́n yí àsìkò padà sí ìdájí ọjọ́ iṣẹ́. Wọ́n á tún ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú. Irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ a máa kọ́kọ́ béèrè bóyá ènìyàn mutí. Ẹni tó bá ní rárá ti jáde nínú ìṣirò, wọn kò sì ní bi í ní ìdí kankan. Ẹni tó gba ife páráágà méjì mu láàárọ̀ lè dáhùn láìpurọ́ pé òun kì í mutí, àgbo lòun ń lò. Nítorí náà kí wọ́n ka orúkọ wọn sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, bíà, ẹmu, ògógóró, ọtí inú ọ̀rá, páráágà, àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í mu.